Ìpè Mẹ́ta ní Altenhag

Omi inú ọpọ́n náà kò dín, ṣe ló ń pọ̀ sí i. Liutgard kọ́kọ́ rò pé ojú òun ló ń ṣe òun bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ tálákà méjìlá ló ti fọ̀ láti àárọ̀, ẹ̀yìn ń dùn ún, oòrùn sì mú débi pé koríko etí odò Inn ti gbẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan àlejò kẹtàlá, ẹ̀ẹ̀kan péré ló bu omi lé e lẹ́sẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn láti àárín ìka ẹsẹ̀ ọkùnrin náà, kò dáwọ́ dúró, títí ọpọ́n fi kún dé etí. Ẹsẹ̀ ọ̀hún tutù nini, awọ rẹ̀ sì ti hunjọ bí ti ẹni tó pẹ́ nínú odò.

Kò tiẹ̀ yẹ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀. Bí ọdún ikú ìjòyè bá pé ní ilé olódi Altenhag, wọn á pe tálákà méjìlá wá jẹun, obìnrin ilé á fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ ẹsẹ̀ wọn, wọn á sì to àpótí ìjókòó mẹ́tàlá. Òkú ló ni ìkẹtàlá. Òfìfo ló máa ń wà.

Ọdún Gebhard ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà. Àbúrò Liutgard ni, òun sì ni ìjòyè tó gbẹ̀yìn nínú ìdílé náà. Ìyá wọn kú nígbà tí Gebhard kò tíì mọ̀ ọ́n rìn, Liutgard ló tọ́ ọ dàgbà, kò lọ́kọ, kò bímọ. Nígbà tí Gebhard bá àwọn ọmọ ogun lọ sí Ilẹ̀ Mímọ́, ó ní òun á dé kí wọ́n tó kórè. Ìkórè mẹ́ta kọjá. Àwọn ìránṣẹ́ ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ku Liutgard àti Wolfker, arúgbó tó ń mójú tó ilé. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni obìnrin yìí ń jókòó lójú fèrèsé, tó ń wo ọ̀nà. Ẹni tí kò wo ọ̀nà rí ló ń sọ pé sùúrù kì í tán.

Ni oníṣòwò kan bá kọjá lọ́dún tó ṣáájú, ó ní òun gbọ́ pé ọkọ̀ ojú omi kan rì. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Liutgard di ọ̀rọ̀ náà mú ṣinṣin. Ká má tan ara wa jẹ, kì í ṣe pé ó gbà á gbọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ó fẹ́ kí wíwo ọ̀nà parí.

Bí ìjòyè tó gbẹ̀yìn ìdílé bá kú lọ́dọ̀ wọn, wọn á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, wọn á pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí kò bá dáhùn, wọn á fi àáké la apata, ìyẹn asà ogun ìdílé náà, sí méjì, wọn á sì sin ín pẹ̀lú òkú. Wolfker ni iṣẹ́ ìpè náà já lé léjìká, ó sì bẹ Liutgard títí.

"Ìyáàfin, a kì í pe ẹni tá ò rí òkú rẹ̀," ló sọ. "Ẹ jẹ́ ó di ọdún tó ń bọ̀."

"Wolfker, mi ò lè dúró mọ́. Pè é."

Ọ̀sán ọjọ́ Lọ́ránsì Mímọ́ lọ́dún náà ni. Wolfker pe Gebhard ti Altenhag, ó dúró. Ó tún un pè, ó dúró. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn ẹyẹ orí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló dáhùn. Àáké balẹ̀, ẹja funfun tí wọ́n kùn sára apata náà là sí méjì, wọ́n sì sin ín pẹ̀lú pósí tí kò sí òkú nínú rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Liutgard sùn di òwúrọ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́ta.

Àlejò tó wá jókòó sórí àpótí ìkẹtàlá lónìí yìí fi aṣọ bo orí. Àwọn tálákà yòókù ti rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ ìdí. Liutgard gbé búrẹ́dì síwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà fara balẹ̀ bó èèpo búrẹ́dì náà yíká, ó sì tì í sí ọ̀dọ̀ Liutgard.

Láti kékeré, èèpo búrẹ́dì ni Liutgard fẹ́ràn jù, Gebhard nìkan ló sì máa ń bó o fún un. Láti ìgbà tó ti lọ, kò sẹ́ni tó fún un ní nǹkan kan lórí tábìlì rí. Ó fọwọ́ bo ẹnu, omi ọpọ́n tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kàn án lètè. Iyọ̀. Obìnrin tí kò rí òkun rí láyé rẹ̀ tọ́ omi iyọ̀ wò nínú ilé ara rẹ̀.

"Gebhard?"

"Ẹ̀gbọ́n mi," ohùn náà rọlẹ̀, kò bínú, "kí ló dé tí ẹ pè mí?"

"Èmi kọ́. Mi ò pè ọ́. Ṣáà jókòó, jẹun."

Ó yíjú pẹ́rẹ́ láti bu ọbẹ̀ fún un. Nígbà tó yíjú padà, àpótí tó tutù rinrin ló bá. Wolfker tó wà lẹ́nu ọ̀nà búra pé ẹnikẹ́ni ò wọlé, ẹnikẹ́ni ò jáde.

Ìtìjú ni láti sọ ọ́, àmọ́ inú Liutgard dùn. Ó fi èèpo búrẹ́dì náà sábẹ́ ìrọ̀rí. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òkú òun ò gbàgbé òun. Ìbéèrè tí Gebhard bi í yẹn nìkan ni kò jẹ́ kó gbádùn. Bó bá jẹ́ pé Gebhard ti kú kí wọ́n tó pè é, kò sí ẹ̀bi lọ́rùn òun. Àbí ó ti kú? Kò rẹ́ni bi.

Kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀, mọ́ńkì kan, ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn Ọlọ́run, tó bá àwọn ọmọ ogun lọ sójú ogun mú òrùka Gebhard wá. Ó ní ara Gebhard le koko nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, àjò kì í sì í dùn kónílé má relé. Ó ku ọjọ́ méjì kí ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀, òkun pa rọ́rọ́. Gebhard ń bó búrẹ́dì létí ọkọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lójijì ló gbórí sókè, ó ní ta ló pe òun. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó tún béèrè, ó sì dìde dúró.

"Ọjọ́ wo ni?" Liutgard dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ọjọ́ Lọ́ránsì Mímọ́, lọ́dún tó kọjá. Ọ̀sán gangan."

"Ẹ̀ẹ̀kẹta ńkọ́?"

Mọ́ńkì náà wò ó, torí òun kò tíì dárúkọ ẹ̀ẹ̀kẹta. "Ó rẹ́rìn-ín," ló wí. "Ó ní, 'Mò ń bọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi.' Ló bá gbé ẹsẹ̀ kọjá etí ọkọ̀, bí ẹni tó ń wọ ilé bàbá rẹ̀."

Wolfker tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rìn jáde. Títí tó fi kú, kò tún gbé ohùn sókè pe ẹnikẹ́ni mọ́.

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ Lọ́ránsì Mímọ́, Liutgard ń fọ ẹsẹ̀ tálákà méjìlá. Lẹ́yìn náà, á gbé ọpọ́n omi síwájú àpótí kẹtàlá, á fúnra rẹ̀ bó èèpo búrẹ́dì, á sì tì í sí òdì kejì tábìlì. Á dúró títí àwọn yòókù á fi jẹun tán lọ. Á wá ki ìka bọ ọpọ́n náà, á fi kan ahọ́n.

Omi odò lásán ni.