Ẹ́ńjìnì Tó Lágbára Ju Bíréèkì Lọ

Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà Òkìtìpupa yẹn, inú Zacchaeus dùn débi pé ó ń súfèé. Píkọ́ọ̀pù rẹ̀, tó ti fi ń kó epo pupa láti Akotogbo kí ọmọbìnrin rẹ̀, Favour, tó dáyé, ti di ọkọ̀ ọ̀tun lójú ará ìlú. Tẹ́lẹ̀, bó bá ti dé ibi òkè, àwọn obìnrin elépo á sọ̀ kalẹ̀, wọn á máa tì í, wọn á sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá Favour, ṣé ọkọ̀ rèé àbí ewúrẹ́ tó lóyún?" Ẹ̀sín yẹn ló dùn ún wọra tó fi lọ bá Philemon, mẹkáníìkì rẹ̀ ní Ìrẹ̀lẹ̀, pé kó bá òun gbé ẹ́ńjìnì ńlá sí i.

Philemon kò fi òótọ́ pa mọ́. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ èyí tó wà níbẹ̀ wò, Bàbá Favour. Fílítà lè ti dí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ní kò lágbára mọ́, àìtọ́jú ló ń ṣe é. Tó bá wá di dandan kẹ́ ẹ lo ẹ́ńjìnì ńlá, a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ bíréèkì, ká fi rédíétọ̀ tó tóbi sí i, ká wo gíyà àti súpíríǹgì. Ẹ́ńjìnì ló ń mú ọkọ̀ sáré, òun kọ́ ló ń dá a dúró."

"Bíréèkì mi ń mú," ni Zacchaeus fèsì. "Ẹ́ńjìnì ni mo ní kó o gbé sí i."

Philemon mirí, ó sì ṣe é. Èrò tirẹ̀ ni pé bí òun bá kọ̀, ẹlòmíì á ṣe é. Èrò burúkú gbáà ni.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Zacchaeus wa ọkọ̀ náà lọ sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ṣí bónẹ́ẹ̀tì, wọ́n ta òróró àdúrà sórí ẹ́ńjìnì, gbogbo ìjọ ṣe àmín. Kò sí ẹnì kan tó bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ ọkọ̀, níbi tí bíréèkì wà.

Ìdí nìyẹn tí gbogbo epo ìlú fi fẹ́ bá ẹ́ńjìnì tuntun lọ lọ́jọ́ ọjà. Wọ́n to kẹ́ẹ̀gì léra wọn gègèrè. Àwọn elépo kì í sì í fi epo wọn sílẹ̀ fún awakọ̀ nìkan. Olúkúlùkù ló ń jókòó lórí tirẹ̀, kí wọ́n má baà pààrọ̀ rẹ̀ lọ́nà. Ọmọ́wùmí, ìyàwó Zacchaeus, náà gun orí tirẹ̀.

"Bàbá Favour, ẹrù yìí ò ti pọ̀ jù bí?"

"Ìyá Favour, jókòó jẹ́ẹ́. O ò tíì rí nǹkan kan."

Lóòótọ́, ọkọ̀ gun òkè bí ẹni pé òfìfo ni. Àwọn obìnrin hó yèè. Nígbà tó ń sọ̀ lódì kejì, eré rẹ̀ pọ̀. Zacchaeus tẹ bíréèkì, ó mú díẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ ṣooro, kò mú nǹkan kan.

"Ẹ di ara yín mú o!"

Ọkọ̀ fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó dojú dé sínú gọ́tà. Epo ṣàn bo títì. Àwọn obìnrin yòókù fara pa. Abẹ́ kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ ni wọ́n ti fa Ọmọ́wùmí yọ, kò sì mí mọ́.

Ọlọ́pàá mú Zacchaeus, wọ́n mú Philemon. Nígbà tí Favour wá wo bàbá rẹ̀ ní àgọ́, kò kí i. Ó ní, "Màámi máa ń sọ̀ kalẹ̀ tì í tẹ́lẹ̀. Ó máa ń rẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dé ilé."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa ọkọ̀ àtijọ́, kẹ́ ẹ tó wá agbára kún agbára, ẹ tọ́jú èyí tẹ́ ẹ ní, kẹ́ ẹ sì rí i pé bíréèkì yín lè dá a dúró tòun ti ẹrù. Ẹ má ṣe gbé èèyàn sórí ẹrù. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, bí oníbàárà bá ta kú, ẹ kọ iṣẹ́ náà.

Zacchaeus ti mọ gbogbo èyí báyìí. Kò wúlò fún un mọ́.