Orí Ẹlẹ́dẹ̀ Lórí Pẹpẹ

Tak Chil-bok ní ọkọ̀ ìpẹja kan ní etíkun Kòríà, ó sì ní ẹ̀ṣẹ́ tí gbogbo èbúté mọ̀. Bí ó bá ti mu ọtí ìrẹsì yó, kò sí ẹni tí kò lè lù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bí ìyàwó rẹ̀, Ok-bun, ti ń ti àdúrà ìdájí bọ̀, ẹnu ọ̀nà ló ti pàdé rẹ̀. Ó fi àjẹ̀ tó fi ń wa ọkọ̀ là á lápá. Eegun apá náà ṣẹ́.

"Sọ fún Jésù ẹ kó wá bá ẹ to eegun!" ni ó wí, ó sì gba ọ̀nà òkun lọ.

Nínú ọkọ̀, ó gbé orí ẹlẹ́dẹ̀ bíbọ̀ kalẹ̀, ó sì ta ọtí sílẹ̀ fún òkun gẹ́gẹ́ bí àwọn baba rẹ̀ ti máa ń ṣe, kí ẹja lè pọ̀. Dal-su, tí wọ́n ti jọ ń pẹja láti ìgbà èwe, dijú, ó ń gbàdúrà ní tirẹ̀.

"O ò ní bá wa bọ òkun, àbí? Ṣé o ń ṣépè fún ọkọ̀ mi ni?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin gan-an ni mo ń gbàdúrà fún."

Chil-bok gbá a lẹ́nu. Eyín kan fò jáde.

Ọjọ́ kò tíì kanrí tí ìjì fi dé. Ìgbì gbé ọkọ̀ sókè, ó sì là á mọ́lẹ̀. Okùn àwọ̀n kọ́ Chil-bok lẹ́sẹ̀, ó wọ́ ọ sínú omi. Ó ké pe òkun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ, òkun sì ń gbé e mì. Àfi bí ọwọ́ kan ṣe di irun rẹ̀ mú. Dal-su ni. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó lọ.

Àánú Ọlọ́run mà pọ̀ o! Ẹni tí ó yọ léyín ló yọ ọ́ nínú ikú.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, bí wọ́n ti ń kọrin lọ́wọ́, Chil-bok wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé orí ẹlẹ́dẹ̀ mìíràn, èyí tó tóbi ju ti ọkọ̀ lọ, ka orí pẹpẹ, ó sì gbé ọtí tì í. Orin dá. Àwọn ìyá kan fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ọlọ́run yín ló yọ mí. Ó yá, kó jẹ, kó mu, kọ́rọ̀ parí."

Dal-su dìde. Ẹnu rẹ̀ ṣì wú.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni ẹlẹ́dẹ̀ ṣe? Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ lẹ pa. Jésù ti kú tán fún ẹ̀ṣẹ̀ yín. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí Ọlọ́run ń retí lọ́wọ́ yín."

"Kí ni? Dárúkọ ẹ̀, màá rà á!"

"Wọn kì í tà á. Ọkàn yín ni. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ jẹ́wọ́ fún un."

Chil-bok lanu láti bú u. Ojú rẹ̀ bọ́ sára Ok-bun láàrin àwọn obìnrin, tó fi aṣọ gbé apá kọ́rùn. Bí ó ti wò ó, obìnrin náà sún sẹ́yìn. Ìyẹn dun Chil-bok ju omi òkun tó mu lọ. Ó ṣubú lulẹ̀, ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ lu pákó ilẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ.

"Olúwa, mo ṣẹ́ ìyàwó mi lápá! Jésù, gbà mí lọ́wọ́ ara mi!"

Kò gbàdúrà sí Ọlọ́run rí láyé rẹ̀. Ọlọ́run gba ẹbọ ọkàn yẹn.

Ok-bun kò sáré lọ dì mọ́ ọn. Ẹ̀rù ṣì ń bà á. Ó kàn ń sunkún ni, ó ní, "Olúwa, ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ èyí."

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, má fi Chil-bok rẹ́rìn-ín. Ìwọ tó ń fi ọrẹ ńlá àti orin dídùn wá ojú rere Ọlọ́run, tí ara àwọn ará ilé rẹ sì ń gbọ̀n bí wọ́n bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ, ta lo rò pé o ń tàn? Ọlọ́run kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ọkàn tó ròbìnújẹ́ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni kì í kọ̀. Jésù ti fi ara rẹ̀ rúbọ nítorí rẹ. Fi ara rẹ fún un lónìí. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yẹn. Kí ẹnikẹ́ni nínú ilé rẹ tó tún gbọ́ ohùn rẹ, jẹ́ kí Ọlọ́run kọ́kọ́ gbọ́ ọ.