Dúdú Tí Mo Ṣèlérí fún Àlàájì Yacoubou

Ẹ jẹ́ kí n jókòó ná. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹni tó bá rí mi báyìí á rò pé òkè Alédjo ni mo fi èjìká tì dé Bassila.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Sakinatou, bó ṣe rẹ̀ mí nìyẹn. Mo ti fọ igba mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó dáa, mẹ́rin ni, ṣùgbọ́n màlúù ni ọ̀kan nínú wọn kó wá, ẹ bá mi kà á sí igba.

Ẹ̀gbẹ́ títì ni mo ti ń fọ mọ́tò, ní ìjáde Bassila, níbi tí wọ́n ń gbà lọ sí Manigri. Ọyẹ́ ń jà. Erùpẹ̀ pupa bo ewé, ó bo ewúrẹ́, ó bo èmi náà. Bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò ńlá kan yà sọ́dọ̀ mi, kátíkátì funfun, irú èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà nínú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n rọ́bà dúdú ara rẹ̀, páṣọ́ọ̀kù tó ń gba ìkọlù níwájú àti lẹ́yìn, àti èyí tó yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, oòrùn ti jẹ gbogbo rẹ̀. Ó ti funfun bí ojúgun ẹni tí kò fi òróró para.

Ọmọbìnrin ló wà á. Ó borí, iṣu kún ẹ̀yìn mọ́tò bámúbámú. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ̀yin lẹ ń fọ mọ́tò, àbí mọ́tò ló yẹ kó fọ̀ yín?"

"Arábìnrin, èmi ni Kamarou. Láti ibí dé Kútọnu, kò sí mọ́tò tí kò mọ ọwọ́ mi."

"Èyí ò mọ̀ ọ́n."

"Á mọ̀ ọ́n lónìí. Mọ́tò ta ni?"

"Ti bàbá mi ni, Àlàájì Yacoubou, ní Manigri. Orúnkún wọn ò jẹ́ kí wọ́n wà á mọ́, èmi Sakinatou ni mo ń bá wọn wà á. Dúdú tó ṣí yìí ń dùn wọ́n. Wọ́n ní mọ́tò àwọn ti hewú ju àwọn fúnra wọn lọ. Ṣé ẹ lè dá a padà?"

"Kí n dá a padà? Ọdún méje ló máa lò. Ọmọ tí èmi àti ìwọ bá bí á wọ ilé kéwú, dúdú yẹn á ṣì wà níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹni tó ti rẹ̀ ni. "Mo ti ń kó iṣu láti ìdájí. Mi ò lágbára àtibá ẹ jà. Bá mi ṣe mọ́tò."

Ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lára lójú ẹsẹ̀. Mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Ọkàn mi lù débi pé wọ́n gbọ́ ọ ní Pénéssoulou.

Ó já iṣu sílẹ̀ fún oníbàárà rẹ̀, ó fi mọ́tò sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi di ọjọ́ kejì, ó gun zémíjàn, alùpùpù elérò, lọ sílé. Ìgbà yẹn ni mo wá wo ìgò òróró rọ́bà tí mo ní. Ó ti tán. Ohun tó kù nínú rẹ̀ kò tó láti fi pa etí eku.

Èmi tí mo ti sọ ọdún méje!

Mo bá rántí ìkòkò òróró ìyá mi. Tí ìyá mi bá yan kajú, òróró dúdú tó ń jáde lára èèpo rẹ̀ ni wọ́n fi ń kun òpó ilé. Ikán ò jẹ́ sún mọ́ òpó yẹn. Mo ní, ohun tí ikán ń sá fún, oòrùn wo ló máa jẹ ẹ́? Mo ti àkísà bọ̀ ọ́, mo fi kun gbogbo rọ́bà mọ́tò Àlàájì. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó dúdú! Ẹyẹ ìwò fò kọjá, ojú tì í.

Nígbà tí Sakinatou dé lọ́jọ́ kejì, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Kamarou, o ṣe é lóòótọ́!" Ó gba nọ́ńbà mi. Èmi ti ń ka iye àgbò tí a máa pa níbi ìgbéyàwó.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni wàhálà dé. Àlàájì wọ bùbù funfun, Sakinatou gbé wọn dé iwájú mọ́sálásí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, nítorí orúnkún wọn, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ti rọ́bà orí ẹsẹ̀ mọ́tò. Wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́, àwọn èèyàn ń kí wọn kú oríire mọ́tò. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, àtẹ́lẹwọ́ wọn ti lé ròrò, ó ń bó. Etí bùbù wọn sì ti di dúdú, dúdú tí ọṣẹ kankan ò lè bọ́.

Ní Manigri, ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ pé òróró èèpo kajú ń jó ni. Èmi náà mọ̀. Ọwọ́ tèmi náà ti ń bó, mo kì í sápò. Mo rò pé tó bá gbẹ lórí rọ́bà, kò ní jó mọ́ ni.

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Àlàájì jókòó lórí ẹní, wọ́n fi aṣọ wé ọwọ́ wọn. Àbúrò wọn obìnrin, Ìyá Nimatou, dúró tì wọ́n, ó ń hó bí ìkòkò.

"Òun nìyí? Ẹlẹ́nu gbọọrọ yìí! O fẹ́ bó ẹ̀gbọ́n mi láàyè?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ti to irọ́ tí màá pa jọ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí débi pé òtítọ́ ló bọ́ lẹ́nu mi.

"Àlàájì, ẹ má bínú, mo fẹ́ fẹ́ Sakinatou."

Sakinatou fi ìborí bo ojú. Àlàájì wo ọwọ́ wọn, wọ́n wò mí.

"Ọwọ́ mi ló bó," wọ́n ní. "Orí tí mo fi ń ronú kọ́."

Ìyá Nimatou ní, "Ẹ lé e jáde!"

"Dúró ná, Ìyá Nimatou. Ó ti rẹ̀ mí, mi ò fẹ́ ariwo." Wọ́n yíjú sí mi. "Ohun tí o kùn yẹn, họ ọ́ kúrò. Lẹ́yìn náà, dá dúdú rẹ̀ padà, èyí tí kò ní jó ọmọ ẹnikẹ́ni. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tí dúdú yẹn ò ṣàn sílẹ̀, kó àwọn èèyàn rẹ wá. Tó bá ṣàn, má gba ọ̀nà Manigri mọ́ láéláé."

Ní ẹnu ọ̀nà, Sakinatou sáré bá mi. "Yọ ọwọ́ rẹ lápò."

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Yọ ọ́, Kamarou."

Mo yọ ọ́. Ó wò ó, ó mí kanlẹ̀. Ó ju òrí tí wọ́n fi ewé dì sí mi. "Fi pa ọwọ́ rẹ. Má fi pa páṣọ́ọ̀kù."

Bí ìyà mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí mo bá fọ mọ́tò tán ní Bassila, màá gba Manigri lọ. Ìgbà míì zémíjàn gbé mi, ìgbà míì mo fẹsẹ̀ rìn. Mo fi kẹrosíìnì rẹ àkísà, mo fi nù ún. Mo fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Mo mú pépà tí àwọn káfíńtà fi ń họ igi, mo rẹ ẹ́ sómi, mo fi ń ra á díẹ̀díẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọjọ́! Ó dáa, mọ́kànlélógún, ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yìn mi.

Sakinatou á jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, á máa ṣa kajú tuntun, èyí tó dáa lọ́tọ̀, èyí tó fọ́ lọ́tọ̀. Ìyá Nimatou á jókòó sí ìloro, á máa ṣọ́ wa bí ẹni ń ṣọ́ ẹran tí wọ́n sá sóòrùn. Ẹ rò pé ọ̀rọ̀ dídùn là ń sọ? Irọ́. Yíyán là ń yán.

"Ó rẹ̀ ọ́, Kamarou mi?"

"Ó rẹ̀ mí, olólùfẹ́. Ìwọ ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn mi fẹ́ já."

"Pẹ̀lẹ́."

"Ìwọ náà pẹ̀lẹ́."

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wa nìyẹn. Mi ò gbọ́ èyí tó dùn jù ú lọ rí.

Nígbà tí rọ́bà mọ́ tán, mo lọ sí Parakou lọ ra òróró gidi lọ́wọ́ bàbá kan tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò. Ó kọ́ mi: kí rọ́bà gbẹ dáadáa, kí n fi díẹ̀ sí aṣọ, kí n fi ra á wọlé, kí n nu èyí tó kù kúrò, kí n tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, kí mọ́tò sì máa wà ní ibòji. Mo bi í bó ṣe máa pẹ́ tó.

"Oṣù mẹ́ta," ó ní. "Tí oòrùn bá le, méjì."

Mi ò sọ ìyẹn fún ẹnì kankan. Mo kun mọ́tò, ó dúdú, kò sì jó ẹnikẹ́ni. Mo ta àtíbàbà fún un, mo fi koríko bo orí rẹ̀. Wọ́n ní kí n wọn ilẹ̀ kí n tó ri òpó. Mo ní ojú mi ni ìwọ̀n. Nígbà tí mọ́tò wọlé, imú rẹ̀ yọ síta bí imú àgbò. Oòrùn ọ̀sán sì ń jẹ páṣọ́ọ̀kù iwájú lójoojúmọ́.

Ó lé ní oṣù méjì kí ojú ọ̀run tó ṣú. Àárọ̀ kan ni. Mo ti rí ìkúùkù láti Bassila, mo di ìgò òróró mú, mo sáré. Mo ti bẹ̀rẹ̀ níwájú mọ́tò, mo ń wo ibi tó ti funfun, nígbà tí ohùn kan sọ lẹ́yìn mi.

"Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ?"

Sakinatou ni.

"Omi ni."

"Kamarou."

"Òróró ni. Ó ti ń hewú padà. Díẹ̀ báyìí ni mo fẹ́ fi kàn án kí bàbá tó jí."

"O ní ọdún méje."

"Mo ní bẹ́ẹ̀."

"Mélòó ni?"

Mo wo ilẹ̀. "Oṣù mẹ́ta."

Ó jókòó sórí odó rẹ̀. "Ó ti rẹ̀ mí. Iṣu ò rẹ̀ mí, kajú ò rẹ̀ mí. Irọ́ rẹ ló rẹ̀ mí. Tí o bá fi irọ́ fẹ́ mi, èmi ni màá máa bá ẹ kùn ún lójoojúmọ́ kí ayé má baà rí i. Mi ò lágbára ẹ̀." Ó nawọ́. "Gbé ìgò wá."

Mo ti gbé àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí. Kò wúwo tó ìgò yẹn. Mo gbé e fún un.

Òjò dé. Àlàájì jáde, Ìyá Nimatou di agbòòrùn mú lé wọn lórí. Wọ́n ní kí Sakinatou wa mọ́tò síta, sínú òjò. Omi ń yí lórí rọ́bà bí omi orí ewé kókò. Àlàájì gbé etí bùbù wọn tí mo bà jẹ́, wọ́n mú ibi tó ṣì funfun níbẹ̀, wọ́n fi nu rọ́bà orí ẹsẹ̀ mọ́tò. Wọ́n gbé e sójú. Kò sí àbàwọ́n.

"Hẹ̀n-ẹ́n," Ìyá Nimatou ní. Kò dùn mọ́ ọn.

Àlàájì rọra rìn dé iwájú. Wọ́n dúró. Wọ́n fi ìka kan ibi tó ti hewú, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì.

"Èyí ńkọ́? Ọdún méje lo sọ fún ọmọ mi, àbí?"

Irọ́ mẹ́ta ti tò sẹ́nu mi, ọ̀kan dáa ju èkejì lọ. Mo wo Sakinatou níbi tó jókòó sí nínú mọ́tò. Kò ṣẹ́jú.

"Àlàájì, ọdún méje ò sí. Oṣù mẹ́ta ni. Ibi tí oòrùn bá ti ń bà á, méjì. Àtíbàbà yẹn kúrú, èmi ni mi ò wọn ilẹ̀. Ó máa tún hewú, màá sì tún un ṣe."

"Ẹ ò gbọ́ o!" Ìyá Nimatou pariwo. "Oṣù mẹ́ta! Ẹ lé e!"

Àlàájì kọjú sí mi. Òjò ń rọ̀. "Tó bá tún hewú, ìwọ lo máa wá?"

"Èmi ni."

"Láti Bassila?"

"Láti Bassila."

"Nínú oòrùn yìí?"

"Nínú oòrùn yìí, Àlàájì."

Wọ́n wo àtẹ́lẹwọ́ wọn tó ti jinná. "Ìyá Nimatou, òjò ń pa mí. Sọ fún un kó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Kó sì fa àtíbàbà yẹn gùn sí i."

Wọ́n so yìgì wa. Ẹgbẹ̀rún èèyàn ló wá. Ó dáa, ọgọ́ta, ṣùgbọ́n wọ́n jẹun bí ẹgbẹ̀rún. Ìyá Nimatou jó ju gbogbo wọn lọ.

Láti ìgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti lọ kun mọ́tò àna mi. Manigri ni mo ti ń bọ̀ báyìí, ìyẹn ni mo ṣe ní kí ẹ jẹ́ kí n jókòó. Sakinatou ti gbé omi wá. Ó ti lọ mú òrí.

"Nawọ́ rẹ. Ó rẹ̀ ọ́, Kamarou mi?"

"Ó rẹ̀ mí."

"Páṣọ́ọ̀kù ńkọ́?"

"Ó dúdú."

"Títí di ìgbà wo?"

Ọdún méje ti dé orí ahọ́n mi.

"Oṣù mẹ́ta," mo ní.

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrí pa mí lọ́wọ́, ìka kan tẹ̀lé ìka kan.