Ọwọ́ Tó Ń Mú Eku

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó tún pa wá pọ̀, tó sì fi ìtàn kékeré yìí sí mi lọ́kàn.

Ìkùukùu ṣì bo oko ẹ̀gẹ́ ní Àfọ̀n nígbà tí Micah, tíṣà ilé-ìwé ìjọ, rí ọmọbìnrin kan nínú aṣọ funfun tó ń bọ̀ láàárín ebè, tó gbé àpótí irin kékeré mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó kọ́kọ́ rò pé áńgẹ́lì ni. Ó na ọwọ́ láti kí i. Ọmọbìnrin náà sún sẹ́yìn.

"Ẹ má bọ̀ mí lọ́wọ́, tíṣà. Eku ni mo gbé."

Morádéyọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ilé ìwádìí kan ló rán an wá láti máa dẹ pàkúté tí kì í pa eku, kí ó gba ẹ̀jẹ̀ wọn díẹ̀, kí a lè mọ àrùn tó wà lára wọn kó tó ran ènìyàn. Láràárọ̀ ni Micah ń sìn ín dé etí oko kí agogo ilé-ìwé tó lù. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, àwọn méjèèjì kì í fẹ́ kí ìrì gbẹ mọ́.

Nígbà tí Micah sọ pé òun fẹ́ fi Morádéyọ̀ ṣe aya, ìyá rẹ̀ ló kọ̀. Ó ní ọmọ náà dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń mú eku kò ní í bu oúnjẹ fún òun láéláé.

"Màmá, òkété tí a jẹ lánàá ńkọ́?"

"Ìyẹn ti jiná."

Micah rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Òun nìkan ni opó yìí bí. Kò lè fẹ́ ẹni tí ìyá rẹ̀ kò ní í jẹun lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó yá, eku wọ àká àgbàdo Màmá, Morádéyọ̀ sì wá dẹ pàkúté síbẹ̀. Nígbà tó parí, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó lọ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ilé ìdáná, kò mọ̀ pé Màmá àti Micah wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí omi ti ń dà.

"Olúwa, má jẹ́ kí n gbé àrùn lọ bá bàbá mi. Má jẹ́ kí n gbé e lọ bá Edith àbúrò mi. Má jẹ́ kí n gbé e bá Micah." Ó tún fi ọṣẹ sí i. "Má jẹ́ kí n gbé e bá Màmá Micah, bí wọn ò tilẹ̀ ní í jẹun lọ́wọ́ mi."

Màmá rọra gbé ọ̀bẹ ẹ̀fọ́ sílẹ̀. Ó bi Micah bóyá bí ọmọ náà ṣe máa ń pẹ́ tó nídìí ọwọ́ fífọ̀ nìyẹn.

"Lójoojúmọ́, Màmá. Ìgbà tó bá dárúkọ gbogbo wa tán ló tó gbà pé ọwọ́ òun ti mọ́."

Màmá mú àwo, ó jáde, ó nà án sí ọmọbìnrin náà.

"Ìyàwó mi, ebi ń pa mí. Wá bu oúnjẹ fún mi."

Nígbà tí Màmá jẹun tán, Micah tún na ọwọ́ bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, Morádéyọ̀ kò sún sẹ́yìn.

Ẹ̀yin tó ka ìtàn yìí, kí Ọlọ́run fún yín ní ẹni tí kò ní í gbàgbé orúkọ yín nínú àdúrà. Àmín.