Àpótí Tó Ń Lọ sí Ìlú Ọba

"Ẹ má fọwọ́ kan apá rẹ̀ o! Abẹ́ ni kí ẹ ti gbé e, ẹ jọ̀ọ́!"

Démiládé ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé bàálù rẹ̀ wọ ìsọ̀ Làsísì káfíńtà ní Agége. Kì í ṣe bàálù tí èèyàn ń wọ̀. Fóòmù àti igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló fi ṣe é, rìmóòtù ló sì fi ń darí rẹ̀ lójú òfúrufú. Ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ẹyọ kan ṣoṣo, tí kò ní oríkèé rárá, gùn tó ọkùnrin méjì tó na gbalaja. Nígbà tí wọ́n gbé e lé orí tábìlì iṣẹ́, ó yọ sí ọ̀tún, ó yọ sí òsì. Fọkanáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn fi táyà sílẹ̀, ó wá wòran. Aránṣọ òdìkejì náà jáde tòun ti abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

Làsísì fi ìfági rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ìka tọ́ etí apá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ọmọ yìí, ìwọ lo fá igi yìí fúnra rẹ?"

"Èmi ni, sà."

"Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ! Ó ń dán bí awo. Káfíńtà mìíràn wà tó ti darúgbó sídìí iṣẹ́ tí kò lè fá irú èyí."

Sàídátù, ọmọ Làsísì, dúró sí kọ̀rọ̀ kan tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbọ́ ìyìn yẹn, ó sì dùn ún wọra. Ta ló kọ́ Démiládé bí wọ́n ṣe ń di ìfági mú? Ta ló fi hàn án pé a kì í fá igi lòdì sí ojú rẹ̀? Inú ìsọ̀ yìí kan náà ló ti kọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kò bojú wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ ni àwọn méjèèjì. Kíláàsì kan náà ni wọ́n wà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì wọ ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí Ọ̀gbẹ́ni Láolú, olùkọ́ wọn, dá sílẹ̀. Oníkálukú ṣe bàálù tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n dán wọn wò ní pápá ilé ẹ̀kọ́, ti Sàídátù kọjá orí àwọn ọmọ tó ń wòran, ó lọ forí sọ òpó iná, ó fọ́ yángá. Ti Démiládé gòkè, ó yí po, ó ń fò débi pé àwòdì kan bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ lé e. Ọ̀gbẹ́ni Láolú ya fídíò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi irú bàálù bẹ́ẹ̀ ṣeré ní Ìlú Ọba. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pe Démiládé síbi ìdíje àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n ní àwọn yóò san owó ọkọ̀ Démiládé àti ti olùkọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n fúnra wọn wá bí wọn yóò ṣe gbé bàálù dé.

Láti ọjọ́ náà, orúkọ Démiládé nìkan ni gbogbo ẹnu mọ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pè é jáde níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀, ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Sàídátù náà pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ ojú ayé ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ìlara ni. Ìlara kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Kì í sì í lọ wá ọ̀tá kiri. Ẹni tí a jọ ń jẹun nínú àwo kan náà ló máa ń dojú kọ.

Nígbà tí Démiládé àti ìyá rẹ̀ lọ bèèrè owó ẹrù ní pápá ọkọ̀ òfúrufú, iye tí wọ́n gbọ́ tó láti ra kẹ̀kẹ́ Márúwá. Bàálù náà kò wúwo ju àdìẹ kan lọ, ṣùgbọ́n àyè tí ẹrù bá gbà ni wọ́n ń wò, bàálù yìí sì gba àyè. Démiládé sunkún dé ilé ẹ̀kọ́. Sàídátù bá a kẹ́dùn, ó nu omijé ojú rẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ lọ́hùn-ún dùn ṣìnkìn. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

Làsísì gan-an ló tún ọ̀rọ̀ náà jí. "Má sunkún mọ́," ó sọ fún Démiládé. "Ọkùnrin Èkìtì kan wà ní Ìlúpéjú, Ọlọ́runníyì lorúkọ rẹ̀. Ó máa ń kó ẹrù ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀ sínú kọ̀ǹténà kan ṣoṣo, kálukú á san owó àyè tirẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e. Ó ń falẹ̀ bí ìgbín, ṣùgbọ́n ó ń dé, owó rẹ̀ kò sì jọ ti òfúrufú rárá. Màá kan àpótí tó máa fún mọ́ bàálù yìí lára, kó má gba àyè tí kò yẹ."

Bí wọ́n ṣe gbé bàálù náà wá sí ìsọ̀ nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ni Ọlọ́runníyì ń tẹnu mọ́. Igi tí wọ́n bá fi kan àpótí gbọ́dọ̀ jẹ́ igi tí wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀, kí òǹtẹ̀ ẹ̀rí sì wà lára rẹ̀. Àwọn aláṣẹ Ìlú Ọba kì í jẹ́ kí igi tí kò lóǹtẹ̀ wọ ìlú wọn. Làsísì ní irú pákó bẹ́ẹ̀ tó rà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́. Ó tò wọ́n sí ìdí ògiri. Èyí tí kò lóǹtẹ̀ wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ tí wọ́n kan àpótí, iṣẹ́ ku díẹ̀ kó parí nígbà tí wọ́n pe ìrun àsárì. Wọ́n ti tẹ́ bàálù sínú rẹ̀, wọ́n sì dojú àpótí délẹ̀ kí wọ́n lè kan ìdí rẹ̀. Làsísì gbọn lẹ́búlẹ́bú igi kúrò lára aṣọ rẹ̀.

"Sàídá, ìdí àpótí ló kù. Mú pákó olóǹtẹ̀ nídìí ògiri, kí o fi kàn án. Kí n tó ti mọ́ṣáláṣí dé, kó ti parí."

"Ó dáa, Bàbá."

Sàídátù mú pákó kan nídìí ògiri. Òǹtẹ̀ náà hàn gbangba lára rẹ̀. Ó wò ó títí. Ó tún wo bàálù tó sùn sínú àpótí bí ọmọ ọba. Ó rántí àtẹ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́, ó rántí ìka bàbá rẹ̀ lára apá yẹn. Bí wọ́n bá dá àpótí dúró ní èbúté Ìlú Ọba ńkọ́? Ta ni yóò mọ̀? Wọ́n á kàn ní àwọn òyìnbó ló le. Ó dá pákó náà padà, ó lọ sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn.

Ìṣó tó kẹ́yìn ló ń gbá wọlé nígbà tí Démiládé dé pẹ̀lú bísíkíìtì àti omi tútù.

"Wò ó bó o ṣe ń làágùn nítorí mi! Sàídá, Ọlọ́run ló fi ọ́ jíǹkí mi."

"Kò tọ́pẹ́," Sàídátù dáhùn. Kò lè jẹ bísíkíìtì náà. Àwọn méjèèjì yí àpótí padà kó lè jókòó lórí ìdí rẹ̀.

Làsísì dé, ó rí i pé iṣẹ́ ti parí, ó sì yin ọmọ rẹ̀. Kò yí àpótí wò. Kí ni yóò máa yí i wò fún? Ọmọ rẹ̀ ló kàn án.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá àpótí náà lọ sí Ìlúpéjú nínú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan. Ara Làsísì yá gágá. Ó wọ aṣọ Jímọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọjá Maryland, kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Mi ò tíì sọ fún yín," ó ní. "Ọlọ́runníyì ń wá káfíńtà tí yóò máa kan gbogbo àpótí rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fi èyí wò mí ná. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, iṣẹ́ ti bọ́ sí mi lọ́wọ́ nìyẹn. Sàídá, a ó tún òrùlé ìsọ̀ wa ṣe. O ò ní máa fi abọ́ gbe òjò mọ́."

Sàídátù yíjú sí ojú títì. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ nígbà náà. Wọ́n ì bá yà, wọ́n ì bá pààrọ̀ pákó náà, ojú ì bá tì í díẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ wúwo. Ó ń tan ara rẹ̀ pé bóyá wọn ò ní wo ìdí àpótí.

Wọ́n wò ó. Ọlọ́runníyì kì í gba ẹrù láìwò ó yíká. "Ẹ yí i," ó pàṣẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n yí i. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó tún wò ó.

"Bàbá Sàídátù, kí lèyí? Òǹtẹ̀ dà?"

Làsísì sáré wá. Ó fi ọwọ́ pa ìdí àpótí náà láti òkè dé ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó wo ọmọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wò ó, ó sì mọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Àṣìṣe mi ni, ọ̀gá," ó ní. "Ọwọ́ mi ló ṣe é."

"Àṣìṣe báwo? Bí wọ́n bá rí igi yìí lọ́hùn-ún, gbogbo kọ̀ǹténà ni wọ́n máa tì pa! Ẹrù ẹlẹ́rù ló wà níbẹ̀!"

Làsísì dọ̀bálẹ̀. Ọkùnrin tó ti hewú, nínú aṣọ Jímọ̀ rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sórí kọnkéré níwájú ẹni tó jẹ́ àbúrò fún un, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń wò. "Ẹ ṣàánú mi. Ẹ jẹ́ kí n sáré pààrọ̀ rẹ̀."

"Tírélà ti fẹ́ gbéra lọ sí Àpápá. Ọkọ̀ ojú omi kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀."

Sàídátù kò lè wo bàbá rẹ̀ nílẹ̀ mọ́. "Kì í ṣe bàbá mi! Èmi ni! Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni!"

Démiládé yíjú sí i.

"O mọ̀ọ́mọ̀?" Démiládé bèèrè. Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá.

"Ó ń dùn mí ni. Ìwọ ni wọ́n ń yìn láàárọ̀, ìwọ ni wọ́n ń yìn lálẹ́. Mi ò fẹ́ kí bàálù yẹn dé ibẹ̀."

Ọlọ́runníyì mi orí. Ó fa Làsísì dìde nílẹ̀. "Mo gbọ́, Bàbá. Ẹ̀yin kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ohun tó ń jáde nínú ìsọ̀ ara rẹ̀, mi ò lè gbé ẹrù ẹlẹ́rù lé e lọ́wọ́. Ẹ má bínú." Bí iṣẹ́ náà ṣe lọ nìyẹn.

Ọkọ̀ ojú omi mìíràn kò ní dé kí ìdíje tó parí. Nígbà tí wọ́n padà sí ìsọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Láolú wá bá wọn níbẹ̀. Ó ronú títí, ó ní ọ̀nà kan ló kù: kí wọ́n gé apá bàálù náà sí ègé mélòó kan, kí wọ́n lè dì í sínú báàgì tí òun àti Démiládé yóò gbé wọ ọkọ̀ òfúrufú. Bí wọ́n bá débẹ̀, wọ́n á fi ọ̀pá irin so ó pọ̀.

"Ṣùgbọ́n kò ní rí bíi ti tẹ́lẹ̀," ó sọ fún Démiládé. "Ìwọ náà mọ̀. Ẹyọ kan tó jẹ́ yẹn ni agbára rẹ̀."

Démiládé sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó nu ojú rẹ̀, ó mú ayùn lórí tábìlì, ó nà án sí Sàídátù.

"Gé e."

"Èmi kẹ̀? Démi, lẹ́yìn ohun tí mo ṣe?"

"Kò sí ẹni tó mọ ayùn lò tó ọ. Ìwọ lo kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa igi. Mo sọ fún àwọn ará Ìlú Ọba bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bi mí léèrè ẹni tó kọ́ mi."

Ọ̀rọ̀ tí Sàídátù ti ń retí láti ìgbà tí gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ayùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ọ. Ó gé apá náà, ó gé e gún régé, omijé rẹ̀ sì ń kán sórí igi.

Démiládé lọ, ó sì darí bàálù rẹ̀ lójú òfúrufú. Ṣùgbọ́n oríkèé apá náà ń mì nínú afẹ́fẹ́ òkè òkun, ẹ̀yìn ló sì kù sí. Nígbà tó dé, ó pín ṣokoléètì fún gbogbo kíláàsì. Ó fún Sàídátù ní ẹyọ kan, bó ṣe fún gbogbo èèyàn. Ó ń kí i, ṣùgbọ́n kò wá sí ìsọ̀ mọ́. Káfíńtà kan láti Oṣòdì ló ń kan àpótí Ọlọ́runníyì báyìí. Ní ti Làsísì, kò bá ọmọ rẹ̀ wí jù bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n bí Sàídátù bá mú pákó wá fún un, ó máa ń kọ́kọ́ yí i wò.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni í bà. Ìwọ tí ò ń ka ìtàn yìí, ìlara lè wọ inú rẹ náà; kò sí ẹni tí kò lè ṣe. Bó bá dé, má bá a dìmọ̀. Lọ bá ẹni náà, kí o sọ fún un pé ó ń dùn ọ́. Ká ní Sàídátù ti ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ tó gbọ́ lẹ́nu Démiládé lọ́jọ́ yẹn ni ì bá ti gbọ́ tipẹ́tipẹ́, wọn kì bá sì gé ohunkóhun.