Ooru Tó Kúrò Lára Kọ̀ǹpútà

Ohun tó kọ́kọ́ kọ mí lóminú ni pé kọ̀ǹpútà àbúrò mi tutù.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún kọ̀ǹpútà ṣe, mi ò sì bẹ̀rù èyí tó bá gbóná. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ìyẹn ègé kékeré tó ń ṣe gbogbo ìṣirò inú rẹ̀, gbọ́dọ̀ gbóná tó bá ń ṣiṣẹ́, bí ara ẹni tó ń sáré ṣe ń gbóná. A sì ti mú eléyìí sáré ju bí àwọn tó ṣe é ṣe fẹ́ kó sáré lọ. Iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn pọ̀ débi pé ó yẹ kí fáànù rẹ̀ máa ké. Ńṣe ni fáànù náà rọra ń yí. Mo fọwọ́ kan irin tó wà lórí ọpọlọ náà, ó tutù bí ìgò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú fíríìjì.

"Àǹtí, ẹ mọ iṣẹ́ yìí jù," àbúrò mi wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo mọ ibi tí ìmọ̀ mi mọ.

Àwòrán tó ń rìn ni àbúrò mi yìí ń yà fún àwọn tó ń ṣe fíìmù ọmọdé. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti ń falẹ̀, ilé iṣẹ́ tó gbéṣẹ́ fún un sì ti ní bí kò bá yá ọwọ́, àwọn á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì. Nígbà tó wá bá mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n kọjá àlà. Mo bá a tú kọ̀ǹpútà náà nínú yàrá rẹ̀, Màmá wa jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń wò wá. Mo nu ìpara gbígbẹ tó wà láàárín ọpọlọ náà àti irin tó ń gba ooru lára rẹ̀ kúrò, mo fi tuntun sí i, mo de fáànù tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ mọ́ ọn. Mo wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é tí nǹkan ò fi ní bàjẹ́.

"Díẹ̀díẹ̀ ni kó o máa fi kún eré rẹ̀," mo ní. "Tó o bá ti fi kún un, fún un níṣẹ́ tó le, kó o máa wo bó ṣe ń gbóná. Tó bá ń ṣe dáadáa, tún fi díẹ̀ sí i. Tó bá ń gbóná jù, tàbí tó ń kú fúnra rẹ̀, padà sẹ́yìn. Má sì ki iná sí i lára ju bó ṣe yẹ lọ. Ooru ló ń pa wọ́n."

"Ooru ló ń pa wọ́n?" Màmá béèrè lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ooru ni, Màmá."

Bí mo ṣe wí gẹ́lẹ́ ni àbúrò mi ṣe. Ó fi kún un, ó dán an wò, ó tún fi kún un. Iṣẹ́ tó ń gbà á ní odindi ọjọ́ wá ń parí kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ilé iṣẹ́ náà yìn ín, wọ́n tún gbé iṣẹ́ mìíràn fún un. Àmọ́ nọ́ńbà tó ń sọ bí ooru ṣe pọ̀ tó ò kúrò níbi tó máa ń wà tí kọ̀ǹpútà bá ń sinmi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ara Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

A kọ́kọ́ pè é ní ibà. Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ wọn, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Oògùn ò ran ohun tó ń ṣe wọ́n. Ara wọn á gbóná tí àbúrò mi bá jókòó ti iṣẹ́, á rọlẹ̀ tó bá dìde lọ jẹun, àmọ́ kò sẹ́ni tó fi ọ̀kan wé èkejì nínú wa. Ta ni yóò ronú irú ẹ̀?

Ọjọ́ tí mo mọ̀, mo jókòó ti Màmá nínú yàrá wọn. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá náà àti ti àbúrò mi. Mo fi ọwọ́ lé wọn lọ́rùn, ara wọn wà déédéé. Mo gbọ́ tí àga àbúrò mi dún, mo gbọ́ tó tẹ bọ́tìnnì kan. Ọrùn Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lábẹ́ ọwọ́ mi, kì í ṣe bí ibà ṣe máa ń rọra wọlé. Ó lọ sókè wéré, ó dúró díẹ̀, ó tún lọ sókè. Mo mọ bí ooru yẹn ṣe ń rìn. Ojoojúmọ́ ni mò ń wò ó lójú kọ̀ǹpútà àwọn oníbàárà mi.

"Dá iṣẹ́ yẹn dúró!" mo pariwo sí ògiri.

"Àǹtí, ó mà kù díẹ̀..."

"Mo ní kó o dá a dúró!"

Ó dá a dúró. Ooru náà rọlẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi. Mo wá ṣe ohun tí àyà mi ṣì máa ń já tí mo bá rántí: mo ní kó tún un bẹ̀rẹ̀, kí n lè mọ̀ dájú. Ọwọ́ mi wà lọ́rùn ìyá mi, mò ń dán wọn wò bí a ṣe ń dán ẹ̀rọ wò. Ooru náà padà dé. Màmá lajú, wọ́n wò mí.

"O ti mọ̀," wọ́n rọra wí.

"Kí lẹ ṣe, Màmá?"

"Ọjọ́ tẹ́ ẹ tú u yẹn ni. Ẹ jáde lọ fọwọ́. Bí ojú ọmọ mi ṣe rí lọ́jọ́ yẹn dùn mí. Mo gbọ́wọ́ lé nǹkan náà, mo ní ooru tó bá fẹ́ pa á, kó máa bọ̀ lára mi. Bí gbogbo ìyá ṣe ń wí náà ni mo ṣe wí. Àbí ìwọ náà ò sọ ọ́ rí, tí inú bá ń run ọmọ rẹ?" Wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ò jẹ́. "Ṣé mo mọ̀ pé irin ń gbọ́ràn ni?"

"Ẹ mọ̀, ẹ wá dákẹ́?"

"Iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ dáadáa."

Inú bí mi débi pé mo sunkún. Mo dì wọ́n mú dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà náà, mo fi wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì àbúrò mi. Wọ́n nawọ́, wọ́n gbé e lé e, wọ́n ní àwọn gba ọ̀rọ̀ àwọn padà. Àbúrò mi ń wo nọ́ńbà, èmi ń wo ìyá wa. Nǹkan kan ò yí padà. Mo bá dá eré kọ̀ǹpútà náà padà sí bó ṣe wà nígbà tí wọ́n tà á, ara Màmá sì ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi wà déédéé.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rù ti ba àbúrò mi, ọmọ tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ kọjá sísọ. Ó ní òun ò fẹ́ rí nǹkan náà mọ́, kí iṣẹ́ bọ́ tó bá máa bọ́. Kí n tó yanu, ó ti pa kọ̀ǹpútà náà, èyí tí kò tíì pa rí látọjọ́ tí a ti tún un ṣe, nítorí iṣẹ́.

Màmá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ohùn wọn gé, wọ́n ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo di ọwọ́ wọn mú, ó tutù wọ eegun. Mo gbé etí sí imú wọn, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

"Tàn án!" ni mò ń ké. "Tàn án padà!"

Àbúrò mi ò tètè rí bọ́tìnnì. Nígbà tí fáànù náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí, Màmá mí kanlẹ̀, ooru sì ń padà sínú ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Láti ìgbà náà, a kì í pa kọ̀ǹpútà yẹn. A rọra gbé e wọ yàrá Màmá láìyọ iná lára rẹ̀. Bátìrì wà nídìí rẹ̀ nítorí iná tó lè lọ, òmíràn sì wà nídìí bátìrì. Àbúrò mi ra tuntun fún iṣẹ́ rẹ̀, kò jẹ́ fi nǹkan kan kún eré rẹ̀. Èmi nìkan ni mò ń fọwọ́ kan ti Màmá, mo máa ń nu eruku fáànù rẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ara Màmá le. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń bá wa jà, wọ́n ń pe kọ̀ǹpútà náà ní àbíkẹ́yìn àwọn.

Ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ni ti àná. Màmá ń rán aṣọ fèrèsé, wọ́n ń sọ fún mi bí wọ́n ṣe fẹ́ kó gùn tó. "Kò gbọ́dọ̀ kanlẹ̀," wọ́n ní, "torí..." Wọ́n dákẹ́. Ẹnu wọn là sílẹ̀, ojú wọn ò ṣẹ́, abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ wọn lókè. Mo bojú wo kọ̀ǹpútà náà: aago tó wà lójú rẹ̀ ti dúró. Aago náà fò síwájú, Màmá sì ki abẹ́rẹ́ bọ aṣọ. "Torí eruku á máa mú un nílẹ̀," wọ́n ní. Wọn ò mọ̀ pé àwọn dúró.

Ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá ti mú sáré ju agbára rẹ̀ lọ lè gbó ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, kódà tí ooru ò bá bà á. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ti rí i lọ́wọ́ oníbàárà púpọ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé kò sí àtúnṣe, kí wọ́n tètè kó ohun tí wọ́n bá fẹ́ràn jáde nínú rẹ̀ kó tó kú.

"Kí lò ń wò mí sí bẹ́ẹ̀?" Màmá béèrè.

"Kò sí nǹkan kan, Màmá," mo ní. "Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ."