Orin Tó Ń Tiro

"Ẹ na ẹsẹ̀ ọ̀tún! Ẹ má ta á pọ́n-ún pọ́n-ún! Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí orin á fi tán!"

Ìyá Ẹtu ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, obìnrin tí ohùn rẹ̀ ń jí àdúgbò kí oòrùn tó yọjú. Aránṣọ ni, ṣùgbọ́n ní àárọ̀ tí àwọn ará àdúgbò bá jáde láti sáré fún ìlera, òun ni ọ̀gá orin. Bí wọ́n ti ń sáré ni yóò máa lé orin, àwọn yòókù á máa gbè é. Ẹni tí kò bá rí èémí tí yóò fi gbè, eré rẹ̀ ti pọ̀ jù nìyẹn, kó rọra. Bí wọ́n bá sì padà dé tí ara ti gbóná dáadáa, wọn á dúró ti ògiri ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, wọn á máa na iṣan. Wọn kì í sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀ àfi tí wọ́n bá kọ orin náà parí.

"Ẹsẹ̀ mi, ẹ kú iṣẹ́ o."
"Ẹ rọra, ẹ rọra."
"Ẹ̀yin lẹ gbé mi jáde o."
"Ẹ rọra, ẹ rọra."
"Ẹ̀yin náà lẹ ó gbé mi délé."
"Ẹ rọra, ẹ rọra."

Ẹtu ò fẹ́ràn nínà yìí rárá. Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ gidi, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ẹtu. Láti kékeré ni kì í rìn. Bí wọ́n bá rán an níṣẹ́, eré ni. Bí wọ́n bá pè é wá jẹun, ẹ kúrò lọ́nà! Lọ́jọ́ yìí, òun ni orin kàn láti lé. Kí ni ọmọ yìí ṣe? Ó sáré orin! Ó kó gbogbo ọ̀rọ̀ pọ̀ sẹ́nu, ó tú u jáde lẹ́ẹ̀kan náà kí nínà lè tètè tán. Ẹsẹ̀ oníbúrẹ́dì, ọkùnrin oníkùn ńlá tó máa ń dé kẹ́yìn, kò tíì kúrò nílẹ̀ tí orin fi parí.

"Ẹtu!" oníbúrẹ́dì kígbe. "Ṣé ọlọ́pàá ló ń lé orin yẹn ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹtu náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ti wà lórí afárá.

Afárá tuntun ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ sórí odò ńlá tó pín ìlú sí méjì. Wọ́n ti kéde pé kí ọkọ̀ kankan tó fi táyà kàn án, ẹsẹ̀ ènìyàn ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ní àárọ̀ ọjọ́ kan péré. Gbogbo àwọn tó ń sáré nílùú ló ń múra.

"Ẹ̀yìn mi lo wà nígbà tí mò ń wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ," ìyá rẹ̀ máa ń sọ. "Omi á máa ta sí wa lára, ìwọ á máa sunkún, èmi á máa kọrin. Lọ́jọ́ afárá yìí, o ò ní sí lẹ́yìn mi mọ́. Ẹ̀gbẹ́ mi lo máa wà."

Kò sí ohun tí Ẹtu tún fẹ́ láyé ju ìyẹn lọ.

Òfin ìyá rẹ̀ ni pé lẹ́yìn ọjọ́ eré gígùn, ọjọ́ ìsinmi ló kàn. Ṣùgbọ́n Ẹtu ní ọ̀rẹ́ kan ní kíláàsì, ọmọbìnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Bàtà-Pupa nítorí bàtà eré rẹ̀.

"Ìsinmi?" Bàtà-Pupa yínmú. "Àwọn màmá àgbà ló ń sinmi. O fẹ́ kí oníbúrẹ́dì yà ẹ́ sílẹ̀ lórí afárá ni?"

Bí wọ́n bá ti jáde níléèwé lọ́jọ́ ìsinmi, àwọn méjèèjì á gba ọ̀nà ọ̀dà, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Wọn kì í kọ́kọ́ rìn kí ara gbóná, wọn kì í na iṣan tí wọ́n bá ṣe tán. Ọ̀nà sì ń gùn sí i lójoojúmọ́.

Kò pẹ́ tí ojúgun ẹsẹ̀ òsì Ẹtu fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni pé ẹnì kan ń fi àtàǹpàkò tẹ egungun náà. Ó fi ìpara gbígbóná pa á, ó sì fi ìbọ̀sẹ̀ bò ó.

"Ẹsẹ̀ ń ṣàkọ ni," Bàtà-Pupa sọ. "Sáré lé e, á gbà."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bí wọ́n ti ń sáré tí wọ́n ń gbe orin, ìyá Ẹtu kàn dákẹ́ lójijì.

"Ta ni orin rẹ̀ ń tiro nínú yín?"

"Orin ń tiro bí?" oníbúrẹ́dì fi èémí tó kù lẹ́nu rẹ̀ bèèrè.

"Ó ń tiro o. Bí ẹsẹ̀ òsì bá ti kanlẹ̀, ohùn kan á ṣẹ́." Ó rọra sún mọ́ ọmọ rẹ̀. "Ẹtu, ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ẹ́ ni?"

Àyà Ẹtu já. Èwo ni pé ìrora tí òun fi ìbọ̀sẹ̀ bò gba ẹnu òun jáde? Ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì rántí afárá.

"Rárá o, Màmá. Èèrà ló wọ bàtà mi."

Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ sójú títì, ó tú okùn bàtà náà, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún gbọ̀n ọ́n. Ó wọ̀ ọ́ padà fún un, ó sì so ó wẹ́rẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ń sáré, ètè lásán ni Ẹtu ń mì. Kò jẹ́ kí ohùn kankan jáde tó lè tú u fó.

Ó ku díẹ̀ kí ọjọ́ afárá pé tí òun àti Bàtà-Pupa tún fi jáde. Wọ́n sáré, wọ́n sáré, àfi lójijì tí nǹkan dún kẹ́ nínú ojúgun yẹn. Ilẹ̀ ni Ẹtu bá ara rẹ̀. Bàtà-Pupa pariwo, ó sá lọ pe ènìyàn. Kẹ̀kẹ́ oníbúrẹ́dì ni wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn, òórùn búrẹ́dì gbígbóná ń tẹ̀ lé ẹkún.

Dókítà, ọmọge kan tí ohùn rẹ̀ tutù, gbé àwòrán egungun sójú iná. Ẹtu kò rí inú ara rẹ̀ rí. Egungun náà funfun báláú, ilà kan sì là á, ó tín-ín-rín bí irun orí.

"Ó ti sán. Kò gbọdọ̀ sáré mọ́ títí yóò fi san," dókítà ní.

"Afárá ńkọ́?" Ẹtu bú sẹ́kún.

"Afárá ò lọ ibì kankan. Ẹsẹ̀ ẹ ló fẹ́ lọ."

Nígbà tó ku òun àti ìyá rẹ̀ nìkan, Ẹtu dorí kodò. "Màmá, kò sí èèrà kankan."

"Mo mọ̀. Mo gbọn bàtà yẹn dáadáa." Ìyá rẹ̀ nu omijé rẹ̀. "Mò ń retí kó o sọ fún mi. Ǹ bá má retí."

Lọ́jọ́ afárá, ìkùukùu bo odò. Ẹtu jókòó sórí bẹ́ǹṣì létí omi, ọ̀pá ìtilẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní òun ò ní lọ mọ́, àmọ́ Ẹtu ló bẹ̀ ẹ́: "Ẹ lọ, Màmá. Ẹ gbé orin wa kọjá."

Kò rí ẹnikẹ́ni. Ó kọ́kọ́ gbọ́ ẹsẹ̀, bí òjò tó ń bọ̀ láti òkèèrè. Lẹ́yìn náà ni orin bọ́ sílẹ̀ láti inú ìkùukùu, ohùn ìyá rẹ̀ ló ṣíwájú, ohùn gbogbo ìlú sì tẹ̀ lé e, omi ń gbà á, omi ń dá a padà. Irun ara Ẹtu dìde. Ó la ẹnu, ó gbè é lóun nìkan létí omi: "Ẹ rọra, ẹ rọra." Ẹkún ló fi parí rẹ̀.

Ó sinmi. Ó sùn, ó jí, ó jókòó, ó tún sùn. Nígbà tí wọ́n padà lọ ya àwòrán mìíràn, dókítà gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ilà náà ti lọ! Egungun tuntun ti bo ojú ibẹ̀, ó sì nípọn.

"Ta ló rán an?" ìyá Ẹtu bèèrè, ọwọ́ lẹ́nu.

"Ara rẹ̀ ló rán ara rẹ̀," dókítà rẹ́rìn-ín. "Eré máa ń da egungun àti iṣan láàmú díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí a bá sinmi ni ara ń tún un ṣe, tí yóò sì le sí i. Ẹtu ò fún un láyè ni."

"Háà! Láti ìgbà tí mo ti ń ránṣọ, mi ò rí irú èyí rí. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí òwú, kò sì sí ojú ìrán!"

Ẹtu na ọwọ́ sí ojúgun rẹ̀, ó rọra fọwọ́ kàn án bí ẹni tó ń kí àgbà. Nígbà tí òun rò pé òun ò ṣe nǹkan kan, ṣé gbogbo iṣẹ́ ńlá yìí ló ń lọ lábẹ́ awọ ara òun?

Lọ́jọ́ tí dókítà fún un láyè, òun àti ìyá rẹ̀ gba ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó wà létí afárá, ọkọ̀ ń kọjá, odò ń tàn yanran nísàlẹ̀. Wọn ò sáré. Wọ́n rìn ín, ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́. Oníbúrẹ́dì àti Bàtà-Pupa tẹ̀ lé wọn.

"Màmá," Ẹtu sọ, "ìrora ń bá mi sọ̀rọ̀, mo ní kó dákẹ́. Bí nǹkan bá tún dùn mí, ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Ìsinmi kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó wà nínú eré."

"Ó wà nínú eré," Bàtà-Pupa náà gbè é, ó ń wo bàtà rẹ̀.

Ní òdì kejì, wọ́n gbá irin afárá mú láti na iṣan. Ẹtu ló lé orin. Ó fà á, ó fà á, ó fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan láyè títí ó fi balẹ̀. Ẹsẹ̀ oníbúrẹ́dì wà lẹ́yìn, ó ń gbọ̀n.

"Ẹtu, jọ̀ọ́," ó kérora, "ṣé orin yìí máa tán lónìí báyìí?"

"Ẹ rọra," Ẹtu dá a lóhùn. "Ẹ rọra."